Lẹ́tà Ṣíṣí sí ICRI: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Bakitéríà Ara Iyùn Kí Àrùn Tó Dé

Sí International Coral Reef Initiative, tí gbogbo ayé ń pè ní ICRI.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ẹ̀yin àjọ àti ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ para pọ̀ di ICRI, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti 1994 tí ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ti fìdí àjọ yín múlẹ̀ lẹ ti ń ké sétí ayé pé òkìtì iyùn, ìyẹn òkìtì tí iyùn fi egungun rẹ̀ kọ́ sínú òkun, ń kú lọ. Ilẹ̀ tí àwọn òkìtì wọ̀nyí gbà nísàlẹ̀ òkun kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ẹ̀dá inú òkun ló ń gbé inú wọn tàbí tó ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá wá. Àwọn tó ń bá yín ṣọ́ òkìtì iyùn kárí ayé, ìyẹn Global Coral Reef Monitoring Network, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba àpẹẹrẹ bakitéríà lára iyùn tí ara rẹ̀ dá, lóòrèkóòrè, nígbà tí àrùn kankan kò tíì sí nílẹ̀. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí iyùn bá ń kú kí wọ́n tó sáré gbé ìgò àyẹ̀wò wọ omi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ooru ló gba gbogbo etí báyìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, ẹ̀yin àti NOAA, àjọ tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́ fún Amẹ́ríkà, lẹ jọ kéde pé ìgbà kẹrin rèé tí ooru ń gba àwọ̀ iyùn, tó ń funfun, káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi máa di 2025, ẹ ti sọ pé ooru náà ti kan ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún òkìtì iyùn ayé. Ṣùgbọ́n iyùn tí ooru bá jà tí kò pa, àrùn lè wá gbẹ̀yìn parí rẹ̀. Lórí Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá ti Ọsirélíà, ìwádìí ọdún mẹ́fà tí John Bruno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún tí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ni àrùn tó ń bọ́ iyùn ní funfun máa ń pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí iyùn bá ti pọ̀ tí wọ́n sì fara kanra. A ti ń wọn ooru láti òfúrufú lójoojúmọ́. Ta ló ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára iyùn fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí àrùn náà tó yọjú?

Ẹni tó bá rí iyùn lókèèrè á rò pé òkúta ni. Ẹranko ni. Ẹ sún mọ́ ọn. Lórí egungun funfun tó fi ẹfun inú omi kọ́ fúnra rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu kéékèèké ló tò síbẹ̀, ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ wínníwínní tó yí i ká, tó sábà máa ń nà jáde lóru láti fi mú oúnjẹ. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn álígì tíntìntín, ohun abẹ̀mí tó dà bí ewéko, ń gbé, tí wọ́n ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ fún un. Àwọn náà ló fún un ní púpọ̀ nínú àwọ̀ tí a ń rí. Tí ooru bá lé wọn jáde, iyùn á funfun, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Lórí gbogbo èyí ni ikun kan bò, ó ń yọ̀ yọ̀ọ̀. Inú ikun yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ fi sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu fa díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó bá bakitéríà tó pọ̀ ju ti omi tó yí iyùn ká lọ, irú wọn á sì yàtọ̀ sí ti omi náà. Forest Rohwer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn ní 2002: irú iyùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn bakitéríà tó ń bá a gbé, títí kan ibi tí òkun ti jìnnà síra wọn.

Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í ṣe àlejò. Àwọn kan ń sọ náítírójìn di ohun tí iyùn àti álígì rẹ̀ lè lò. Àwọn mìíràn ń ṣe èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú ráyè dúró. Iyùn kò ní irú ẹ̀jẹ̀ tiwa, kò ní agbára ìdènà àrùn tó máa ń rántí ọ̀tá àná bíi tiwa. Púpọ̀ nínú ààbò tó ní, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá a gbé ló ti ń rí i gbà. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún wa pé òun rí bakitéríà lára iyùn tó ń kú, kò tíì sọ nǹkan kan.

Igún tí a bá nídìí òkú ẹran kọ́ ló pa á. Ẹran ara tó ń jẹrà, oúnjẹ ni fún ọ̀pọ̀ bakitéríà, ìdílé bakitéríà inú òkun tí wọ́n ń pè ní Vibrio sì yára bí sí i tí wọ́n bá ti rí ibi jẹ. Bí onímọ̀ bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó gé díẹ̀ lára ọgbẹ́ iyùn náà lọ sí láàbù, tó rí Vibrio yanturu, kò tíì lè sọ bóyá apani lòun mú tàbí igún. Ìlànà tí Robert Koch fi lélẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sọ pé ká rí kòkòrò náà lára àwọn aláìsàn, ká yọ ọ́ sọ́tọ̀ ká sìn ín, ká fi í ran ẹni tí ara rẹ̀ le, ká sì tún bá kòkòrò kan náà lára ẹni yẹn. Ìlànà tó dára ni. Lórí iyùn, ó ti ṣe wá lóore, ó sì ti já wa kulẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Oculina patagonica, irú iyùn kan ní etí òkun Mẹditaréníà ti Ísírẹ́lì. Òkun ilẹ̀ olóoru kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń sọ lónìí nípa bakitéríà àti iyùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, Ariel Kushmaro, Eugene Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé pé Vibrio kan, tí wọ́n wá sọ ní Vibrio shiloi, ló ń mú kí iyùn náà funfun. Ẹ̀rí wọn múná. Tí omi bá gbóná, bakitéríà náà á lẹ̀ mọ́ iyùn, á wọnú rẹ̀, á sì máa yọ àwọn álígì rẹ̀ lẹ́nu; tí omi bá tutù, kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ rí ibi tó ń sá pamọ́ sí nígbà òtútù, inú aràn òkun kan tó máa ń jẹ iyùn náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọn ò rí Vibrio shiloi mọ́ lára iyùn tó funfun, bí wọ́n sì fi í ran iyùn tuntun, kò mú un. Èyí ló jẹ́ kí Rosenberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2006 pé ó ní láti jẹ́ pé iyùn náà ti pààrọ̀ àwọn bakitéríà tó ń bá a gbé, tí àwọn tuntun sì ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tó di 2008, Tracy Ainsworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iyùn kan náà wò, wọ́n ní bakitéríà kọ́ ló ń mú un funfun rárá.

Èwo ni ká gbà níbẹ̀? Bí ikun iyùn náà láti ọdún dé ọdún bá wà nínú fìrísà ní ibì kan, à bá gbé e jáde ká yẹ̀ ẹ́ wò, iyàn á sì parí. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò ṣe àìdáa. Ohun tí wọn ò ní lọ́wọ́ ni àná iyùn náà.

Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní Florida. Ní 1996, nítòsí Key West, wọ́n rí àrùn kan tó ń yọ tó-tò-tó funfun sára Acropora palmata, iyùn ńlá tó ní ẹ̀ka fífẹ̀, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ́ òkìtì ní Kàríbíà. White pox ni wọ́n sọ ọ́. Ní 2002, Kathryn Patterson, tó wá ń jẹ́ Kathryn Sutherland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé Serratia marcescens ló fà á, bakitéríà tí a mọ̀ dáadáa nínú ìfun èèyàn àti ní ilé ìwòsàn. Ní 2011, wọ́n mú Serratia tó wá láti inú omi ìdọ̀tí ilé èèyàn, wọ́n fi í sára iyùn nínú láàbù, ó sì dá àrùn náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ka èyí tí kò ní ká mi lára. Ohun tó jáde láti ilé ìyàgbẹ́ wa ló lọ ń pa ẹranko nísàlẹ̀ òkun! Ṣùgbọ́n nígbà tí Michael Lesser àti Jessica Jarett wá Serratia náà lára iyùn tó ní àmì àrùn yìí kan náà, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2014, wọn ò rí i. Àmì kan náà, funfun kan náà, apani mìíràn ni, tàbí ohun tí a kò tíì mọ̀. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí àrùn ọ̀já dúdú, torí òun ló jẹ́ kó hàn kedere pé bakitéríà lè pa iyùn, àti pé bakitéríà kan ṣoṣo lè má tó o ṣe. Arnfried Antonius ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1973, láti Belize àti Bermuda. Òmùwẹ̀ tó bá bá a pàdé á rí iyùn ràgàjì kan tí ìlà dúdú kan ti là kọjá. Ìlà náà lè má fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Níwájú rẹ̀, ẹran ara ṣì wà láàyè, àwọ̀ rẹ̀ ṣì pé. Lẹ́yìn rẹ̀, egungun funfun báláú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níhòòhò. Tí òmùwẹ̀ náà bá tún wo ẹ̀yìn dáadáa, á rí i pé funfun yẹn ti ń di àwọ̀ ewé, torí álígì òkun ti gba ilẹ̀ tó ṣófo. Ìlà náà sì ń rìn. Ó lè rin sẹ̀ǹtímítà kan lọ́jọ́ kan. Irú iyùn ràgàjì bẹ́ẹ̀ lè lo nǹkan bí ọdún kan kó tó fi sẹ̀ǹtímítà kan ga sí i.

Ẹ bu díẹ̀ nínú ìlà yẹn sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ohun tó rí gbọọrọ, tó lọ́ mọ́ra wọn, tó ń rá lọ rá bọ̀, lẹ máa rí. Cyanobacteria ni wọ́n, bakitéríà tó ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ, Roseofilum reptotaenium lorúkọ wọn, àwọn ló sì sọ ìlà náà di dúdú. Àárín wọn ni àwọn bakitéríà bíi Beggiatoa wà, tó ń jẹ súfáìdì, èròjà imí-ọjọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ́síjìn ti tán, ni Desulfovibrio àti irú rẹ̀ ń gbé, àwọn ló ń ṣe súfáìdì náà. Gbogbo ìlú yìí kò nípọn ju mílímítà mélòó kan lọ. Ẹran ara iyùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí ọ́síjìn, súfáìdì sì ń wọ̀ ọ́ lára, ó ń kú, ohun tó ń ṣàn jáde lára òkú rẹ̀ tún ń bọ́ àwọn tó pa á. Ta ni ká kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi? Wọ́n jọ ṣe é ni.

Ohun tó gba àfiyèsí mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, lórí Great Barrier Reef, àwọn onímọ̀ ti ṣọ́ àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé àbàwọ́n kékeré ti cyanobacteria ló máa ń kọ́kọ́ yọ, nígbà tí súfáìdì kò tíì tó nǹkan, tí ibẹ̀ kò sì tíì burú. Ó ṣe díẹ̀ kí àwọn yòókù tó kún inú rẹ̀, kó tó wá di ọ̀já tó ń pa iyùn. Wọ́n rí èyí torí pé wọ́n wà níbẹ̀ ṣáájú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn, kó di ìṣe gbogbo ibi tí òkìtì iyùn wà.

Vibrio coralliilyticus náà wà níbẹ̀, òun sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù nípa bakitéríà kan tó lè dá jà. Lára iyùn tí wọ́n ń pè ní Pocillopora damicornis ní Zanzibar ni Yael Ben-Haim àti Rosenberg ti yọ ọ́. Tí omi bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 22 lórí Sẹ́lísíọ̀sì, kò fọwọ́ kan iyùn. Láti 27 dé 29, ńṣe lẹran ara iyùn náà ń yọ́ kúrò lára egungun. Ní 2014, Melissa Garren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ohun kan kún un tó ń mú mi ronú títí di òní. Iyùn tí ooru ń dà láàmú máa ń tú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní DMSP sínú ikun rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bakitéríà yìí ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú omi, á sì wẹ̀ lọ bá a. Aláìsàn ló ń wá. Ọ̀rọ̀ ooru àti ọ̀rọ̀ bakitéríà kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì, ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí owó àti àfiyèsí máa lọ sí ọ̀kan kí èkejì máa gbàwìn.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù. Ní 2014, nítòsí Virginia Key ní Miami, àrùn tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹran ara iyùn. Stony coral tissue loss disease ni wọ́n pè é, SCTLD ni a óò máa pè é níbí. Ó mú irú iyùn tó lé ní 20. Ó gba gbogbo òkìtì Florida kọjá, ó dé Mẹ́síkò ní 2018, ó dé St. Thomas ní erékùṣù Virgin Islands ní 2019, ó sì ń bá a lọ ní Kàríbíà. Iyùn tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún lè di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dendrogyra cylindrus, iyùn tó máa ń nàró bí òpó, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú omi Florida. Ní 2022, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́, gbé e sí ìpele tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ nínú igbó tàbí inú òkun. Àwọn ègé rẹ̀ tí wọ́n sáré yọ ló ń gbé nínú adágún ilé ìwádìí báyìí.

Kí ló ń fa SCTLD? Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì mú apani náà. Wọ́n ti rí ẹ̀yà bakitéríà méjì, Rhodobacterales àti Rhizobiales, tó pọ̀ níbi ọgbẹ́. Blake Ushijima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé níbi tí Vibrio coralliilyticus bá ti dara pọ̀, ọgbẹ́ náà máa ń yára burú. Ní 2021, Thierry Work àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ohun tó jọ fáírọ́ọ̀sì nínú álígì iyùn náà. Àwọn òmùwẹ̀ ń fi ìpara tí wọ́n po amoxicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, mọ́ kun etí ọgbẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ sì ń dúró. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ní kí ọgbẹ́ tuntun má yọ níbòmíràn lára iyùn kan náà, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó yẹn kò fi hàn bóyá bakitéríà ló bẹ̀rẹ̀ àrùn náà tàbí ó kàn wá bá a níbẹ̀. Ẹ tún wo èyí: nígbà tí Jan Landsberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé ẹran ara iyùn wẹ́wẹ́, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé inú lọ́hùn-ún ni ìbàjẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú òmùwẹ̀ bá fi máa rí ọgbẹ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Púpọ̀ nínú ìwádìí lórí SCTLD, iyùn tó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n fi wé iyùn mìíràn tó dà bíi pé ara rẹ̀ le. Ẹ̀dá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó dà bíi pé ara rẹ̀ le ti kó àrùn. Ìbéèrè tó yẹ ká lè dáhùn ni pé: iyùn yìí gan-an, kí ló wà lára rẹ̀ lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ló wọlé, kí ló jáde? Mo gbà gbọ́ pé bí àpẹẹrẹ ikun bá ti wà nílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ òkìtì Florida àti Kàríbíà láti ọdún mẹ́wàá ṣáájú 2014, àwọn tó ń wá apani yìí ì bá má máa táràrà bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ẹ̀bẹ̀ mi lè di àwáwí fún àwọn ìjọba láti má ṣe nǹkan kan títí àbájáde àyẹ̀wò yóò fi dé. Rárá o. Ohun tí a ti mọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Rebecca Vega Thurber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta da èròjà ajílẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, sí apá kan òkìtì iyùn ní Florida Keys. Àrùn di ìlọ́po méjì níbẹ̀, iyùn tó ń funfun sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, kò pé ọdún kan tí ibẹ̀ fi padà rí bí àwọn ibi tí wọn ò da nǹkan kan sí. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ bakitéríà kankan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Joleah Lamb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2017, ní Indonéṣíà, pé òkìtì iyùn tí pápá koríko òkun bá wà nítòsí rẹ̀, àrùn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, torí koríko náà máa ń dín bakitéríà eléwu kù nínú omi. Ní 2018, wọ́n tún ka iyùn tó lé ní 120,000 ní Éṣíà àti Pàsífíìkì: níbi tí ike kò ti kan iyùn, ewu àrùn jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún; níbi tí ike bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó di 89. Nítorí náà, kí omi ìdọ̀tí gba àtúnṣe kó tó wọ òkun, kí ike má dé ibẹ̀, kí koríko òkun wà ní ààyè rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró de láàbù kankan.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ń bọ̀ lọ́nà kò ní ṣeé ṣe dáadáa láìsí ohun tí mo ń béèrè. Raquel Peixoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bakitéríà rere sára Mussismilia hispida, irú iyùn kan ní Brazil, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2021 pé iyùn tó rí i gbà la ooru já ju èyí tí kò rí i gbà lọ, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Florida, Ushijima, Valerie Paul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo bakitéríà Pseudoalteromonas kan, McH1-7, tí wọ́n yọ lára iyùn Montastraea cavernosa, láti fi dá SCTLD dúró lára iyùn. 2023 ni iṣẹ́ náà jáde. Inú mi dùn sí i gidigidi. Àbí ẹ ò rí ibi tí wọ́n ti mú bakitéríà náà? Ara iyùn tó gbógun ti àrùn ni wọ́n ti yọ ọ́. Irú iyùn tó bá ti kú tán kí ẹnikẹ́ni tó gba ikun rẹ̀, ó ti gbé oògùn tirẹ̀ lọ nìyẹn. Mo sì ń bẹ̀rù pé kí a máa da bakitéríà láti òkun kan sí òmíràn láìmọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le tó bó ṣe lè dún létí. Àwọn òmùwẹ̀ yín ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé tí ẹ gbé jáde ní 2021 lórí ipò òkìtì iyùn ayé kó ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì àkíyèsí jọ, láti ibi tó lé ní 12,000, ní orílẹ̀-èdè 73. Ìwé náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún iyùn ayé lọ láàárín 2009 sí 2018. Àwọn ohun tí wọ́n wọ̀n jù níbẹ̀ ni bí iyùn ṣe bo ilẹ̀ tó àti bí álígì ṣe bo ilẹ̀ tó. Ọ̀nà tó dára láti mọ iye tó kú nìyẹn. Kí wọ́n so nọ́ńbà mọ́ iyùn bíi mélòó kan ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà, nígbà tí omi bá gbóná àti nígbà tó bá tutù. Kí wọ́n fa ikun díẹ̀, kí wọ́n gba omi tó yí i ká, kí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n ooru omi sílẹ̀. Níbi tí fìrísà kò bá sí, àwọn omi ìpamọ́ wà tó ń pa DNA mọ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsí yìnyín. Kò pọn dandan kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́dún náà. Ẹ sáà jẹ́ kó wà nílẹ̀. Kí àwọn òmùwẹ̀ sì máa fi oògùn fọ aṣọ àti irinṣẹ́ wọn láti òkìtì kan sí òmíràn, kó má lọ jẹ́ pé àwa tó ń wá àrùn la ó máa gbé e kiri.

Lórí ẹni tó ni àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di pé láti erékùṣù kékeré ni wọ́n á ti máa kó o lọ sí láàbù ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, tí àwọn tó ni òkun kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìlànà Nagoya ti 2010 ti sọ bó ṣe yẹ kí àǹfààní irú nǹkan báyìí kárí. Kí ìdajì àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan dúró sí orílẹ̀-èdè tí òkìtì náà wà, kí ẹ dá àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, kí àbájáde rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Bí owó kò bá tó láti bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn apá Kàríbíà tí SCTLD kò tíì dé, torí àwọn iyùn ibẹ̀ lè má ní àkókò púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Òkun Íńdíà àti Òkun Pupa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú ètò ìpàdé gbogboogbò yín tó ń bọ̀, kí ẹ yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìlànà gbígba àpẹẹrẹ náà kó lè jẹ́ ọ̀kan náà kárí ayé, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.

Mo ń retí èsì yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tí ọ̀rọ̀ iyùn jẹ lógún